Ìdí-Igi Ni Mo Fẹ́

Ọdún tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọwọ́ ọ̀tún ni bàbá mi kú. Wọ́n fi ilé oníyàrá mẹ́jọ sílẹ̀ ní Pápá Àjàó, àti ìyàwó méjì. Ìyálé bí ọmọ mẹ́fà. Ìyá mi bí èmi nìkan. Àkọ́bí ìyálé ló di Dáwódù, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọkùnrin tó bá jókòó sípò bàbá l'Ékòó. Oyè náà sì gùn ún gan-an.

A ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ tó fi kó ẹrù ìyá mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó kì í jogún ọkọ," ó ní. "Àṣà ni."

Mo ru àpótí ìyá mi dé Jíbówú, níbi tí a gba yàrá kan sí, mo sì ń ṣépè fún Dáwódù lọ́nà. Mo fẹ́ kí ilé náà jó. Ìgbà tó yá ni mo rò ó pé bó bá jó, kí ni màá gbà?

Nígbà tí àwọn àgbà ẹbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti pín ogún, Dáwódù ní orí-ò-jorí ni ká ṣe: ká ka orí gbogbo ọmọ, kí kálukú gba ìpín tó dọ́gba. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ìdí-igi ni mo fẹ́.

Ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Yàbá, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn adájọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé gan-an kò rí ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni igi; ìdí ìyá wọn làwọn ọmọ ti ń jogún. Igi méjì, ìpín méjì. Bí ọ̀kan so mẹ́fà, tí èkejì so ẹyọ kan, ìdajì ni ìdajì ń jẹ́.

"Ìwọ nìkan, yàrá mẹ́rin? Ṣé orí ẹ pé?" Dáwódù bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní àṣà ni."

Àgbà tó dàgbà jù níbẹ̀ bi í bóyá òótọ́ ló fi àṣà lé opó jáde. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá àgbà náà ní ó dáa, àṣà náà la ó fi pín in. Ìdí-igi sì ni àṣà ẹbí wa láti ilẹ̀ wá. Ẹ̀san ò gbóògùn. Inú mi dùn.

Wọ́n ní kí n mú apá tó wù mí. Iwájú ni mo mú, níbi tí Dáwódù àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn.

Nírọ̀lẹ́, ó wá sí Jíbówú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi pé kí wọ́n bá òun bẹ̀ mí. Ìyá mi wò mí, omi ti ń bọ́ lójú wọn.

"Màámi, ẹ má dá a lóhùn," mo ní.

Wọn ò dá a lóhùn. Dáwódù dìde, ó gbọn ekuru ara rẹ̀, ó padà sílé lọ tú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.