Jọ́ọ̀gì Wàrà Orí Àtẹ̀gùn Wa

Nígbà tí Teenie Gault wà lọ́mọ ọwọ́, kò sí ọmọ tó sanra tó o ní gbogbo àdúgbò Anderston. Bella, ìyá rẹ̀, a máa gbé e sójú fèrèsé kí ayé lè rí i. Àwọn ará Glasgow tí ìyìn kì í yá lẹ́nu wọn a máa fi owó fàdákà sí i lọ́wọ́ ní títì, bí a ti í ṣe fún ọmọ tuntun. Mílíìkì inú agolo ni Bella fi ń bọ́ ọ, èyí tó ki tó sì dùn, tí wọ́n ti yọ gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e. Ṣúgà ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ta ló bìkítà? Ọmọ ń sanra.

Wàrà tútù wà lọ́wọ́ bàbá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kiri, àmọ́ ó wọ́n, ó sì tètè ń kan. Síbẹ̀, nínú ilé alájà wa tí gbogbo ìdílé jọ ń lo àtẹ̀gùn kan, kò sí ilé lórí àtẹ̀gùn wa tí a ò ti lè rí wàrà tútù lórí tábìlì lọ́jọ́ tí Ìyá Ewéko bá wá. Bẹ́ẹ̀ la ń pe nọ́ọ̀sì tó ń yẹ àwọn ọmọdé wò láti ilé dé ilé, nítorí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Wọ́n ní ó lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tí kò tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá. Bella ló dá ọgbọ́n kan. Òun nìkan á ra wàrà kún jọ́ọ̀gì aláwọ̀ aró kan tí etí rẹ̀ ti kán. Bí Ìyá Ewéko bá ti jáde nílé kan, ẹnìkan á dá a dúró lórí àtẹ̀gùn, á máa ro ẹjọ́ ẹ̀yìn ríro fún un, jọ́ọ̀gì á sì gba abẹ́ épírónì wọ ilé tó kàn. Wàrà kan náà ló ń bo gbogbo wa láṣìírí. Lálẹ́, àwọn ọkùnrin á bù ú sínú tíì wọn, torí àwọn ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kankan kì í tọ́ ọ wò.

Nígbà tó yẹ kí Teenie rìn, kò rìn. Nígbà tó wá rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti tẹ̀ síta bí ọrun. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ lórí àtẹ̀gùn wa. Orí kò wọ́ lóòótọ́, ẹsẹ̀ ló wọ́.

Ilé èmi àti Teenie kọjú síra, a jọ dàgbà ni. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa pariwo mọ́ ọn pé, “Teenie, ẹlẹ́dẹ̀ ń bọ̀, dá a dúró! Háà, ó ti gba àárín ẹsẹ̀ ẹ kọjá!” Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dàgbà tán, kò ga ju èjìká mi lọ. Ó fẹ́ Dougie Imrie tó ń kan ìṣó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ojú omi, ó sì lóyún.

Oyún àkọ́kọ́ yẹn, orí ọmọ kò rí ibi gbà. Wọ́n fi ẹ̀mí ọmọ ra ẹ̀mí ìyá ni. Dókítà sọ fún un pé egungun ìbàdí rẹ̀ kò là tó, àti pé àìsàn tó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́mọdé ló mú kó há, nítorí oúnjẹ tó ń mú egungun le kò wọ inú rẹ̀ nígbà náà.

“Oúnjẹ kẹ̀?” ni Bella wí. “Ọmọ mi! Ọmọ tó sanra jù ní Anderston! Dókítà yẹn ti mutí yó ni.”

Nígbà tó kan Teenie láti fọ àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀, ó fọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sunkún. Èmi náà kò sunkún. Inú mi kàn ṣófo, bí ìgbà tí èèyàn bá wọ yàrá tí kò sì rántí ohun tó wá mú.

Ó tún lóyún. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kó wá sílé ìwòsàn kí ó tó rọbí kí wọ́n lè fi abẹ gbé ọmọ náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó lè lọ kó má bọ̀, tàbí kó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Èmi náà ti bí Rab ọmọ mi nígbà náà, ojú sì ń tì mí láti gbé e kọjá níwájú rẹ̀.

Mo bi í pé, “Ṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́?”

“Kò sí nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù mọ́, Ruby. Ṣáà bá mi fọ àtẹ̀gùn tó bá kàn mí.”

Wọ́n gbé ọmọbìnrin jáde láàyè. Elspeth ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, inú mi ì bá dùn, àmọ́ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo wò ó, mo ní ó dáa.

Kò pẹ́ tí ariwo fi ta nísàlẹ̀ pé, “Ìyá Ewéko ti wọlé o!” Bella sáré gbé jọ́ọ̀gì etí-kíkán yẹn wá sórí tábìlì ọmọ rẹ̀. Ilé mi ló kàn, mo sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Rab lápá, mo ń dúró de jọ́ọ̀gì. Ìyá Ewéko wọlé. Teenie jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, Elspeth lẹ́nu ọmú. Teenie na ọwọ́, ó mú jọ́ọ̀gì náà, ó sì gbé e sẹ́nu.

“Gbé e sílẹ̀!” Bella gbàgbé ẹni tó dúró síbẹ̀. “Teenie, ti Ruby ló kàn!”

Teenie mu ún, kò kánjú. Ó mu ún tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu àgbọ̀n.

“Màmá,” ó ní, “wàrà yìí ti pẹ́ jù lórí tábìlì.”

Bella gba jọ́ọ̀gì náà, ó lọ ń fọ̀ ọ́ níbi ẹ̀rọ omi, kò sì yíjú padà.

Nígbà tí Ìyá Ewéko dé ilé mi, agolo mílíìkì nìkan ló bá.

“Mísíìsì Kyle, kí ni ọmọ yín ń mu?”

Mo nawọ́ sí agolo. Ìyá Ewéko kò gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó jókòó, ó fọwọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ Rab àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn ìyá ní wàrà fún mi, ó sì júwe bí mo ṣe máa fún un ní òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kí egungun rẹ̀ lè le. Ìtìjú pa mí. Mo bá Teenie yodì títí Ọdún Tuntun fi dé.

Rab ti ń sáré báyìí. Ẹlẹ́dẹ̀ kankan ò lè gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.