Àdúrà Tí Yèyé Fi Dán Máìkì Wò

Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn ìrẹsì tí wọ́n ń bọ̀ nínú àgbá, àgbàlá Yèyé, ìyá bàbá mi, ní Ìgbẹmọ ni ọkàn mi ń lọ. Àárọ̀ Sátidé kan ni bàbá mi gbé kámẹ́rà fídíò rẹ̀ láti Adó wá síbẹ̀. Olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, a máa ya fídíò ìgbéyàwó. Àǹtí Bùnmi, ẹ̀gbọ́n mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lókè òkun, ó sì fẹ́ kí Yèyé súre fún ọmọ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ẹni tó máa bá wa mú un lọ fẹ́ gbéra.

Bàbá mi kì í ya ohunkóhun láìkọ́kọ́ wọn ohùn. Ìlà kan wà lójú kámẹ́rà tó ń gòkè bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Tó bá ti kan pupa, ohùn ti bàjẹ́ nìyẹn. "Ẹyin lohùn," ló máa ń wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́." Ó ní kí Yèyé sọ ohunkóhun tó bá wá sẹ́nu rẹ̀, kí òun fi ṣe òdiwọ̀n.

Ta ló sọ fún un pé Yèyé ń sọ ohunkóhun? Ó tún gèlè wé, ó dìde, ó sì gba àdúrà tó pa wá lẹ́kún. Bàbá mi ń yí bọ́tìnì, inú rẹ̀ ń dùn pé ìlà dúró síbi tó yẹ. Ìgbà náà ló wá tẹ kásẹ́ẹ̀tì kó máa yí, ó ní, "Ó yá, Yèyé."

"Ó yá kí ni? Mo ti ṣe é. Àdúrà kì í ṣe uyán tá a ń tún gún. Ṣé etí Olúwa dí ni?"

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí, Yèyé kọ̀, ó fẹ́ padà sídìí ìrẹsì rẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi ju ẹran lọ. Mo wá rántí pé kò sí ọmọ tó máa kúnlẹ̀ kí Yèyé tí Yèyé kò ní kì í, kó sì súre fún un. Mo kúnlẹ̀ gbì síwájú rẹ̀, mo pariwo: "Yèyé, ẹ kú àárọ̀ o! Ọmọ Àǹtí Bùnmi ló ní kí n bá òun kí yín!"

Yèyé bú sẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́ mi," ló fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lọmọ ti gba oríkì. Ó súre fún un dórí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Tèmi nìkan ló kan pupa, tó fọ́ yángá.

Èmi náà ń ya fídíò ní Adó báyìí, mi ò sì jẹ́ sọ pé kí àgbàlagbà dán ohùn wò kí n tó tẹ ẹ̀rọ kó máa gbà á sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Àbẹ̀kẹ́, tó ti dàgbà, wálé láti òkè òkun. Mo ní kí n bá a gé ariwo mi kúrò níbẹ̀rẹ̀ fídíò náà, torí ó ń tì mí lójú.

"Ẹ fi sílẹ̀, Àǹtí," ló wí. "Òun ni mo fi mọ̀ pé ẹnìkan ti kúnlẹ̀ fún mi kí n tó lè jókòó."

Mo fi sílẹ̀. Ká ní mo mọ ohùn wọ̀n nígbà náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n wọ̀n lónìí, ǹ bá ti dákẹ́, kásẹ́ẹ̀tì ì bá sì lọ lófìfo.