Ọsàn Kọ́lápọ̀

Gádínà ni Gbádé ọkọ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú òdòdó ilé àwọn ọ̀gá ìjọba ní Yábàá. Kò mọ̀wé ju èmi náà lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ewé. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá kọ́kọ́ pọ́n bí ìyeyè, á ní ebi ló ń pa ilẹ̀, kí wọ́n wá ìgbẹ́ adìẹ sí i. Bí gbogbo ewé bá pọ́n pa pọ̀, kò ní tètè sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀.

“Ìyá Kọ́lá,” á wí fún mi, “èyí tó mu omi jù àti èyí tí òǹgbẹ ń gbẹ, ojú kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìka ló mọ ìyàtọ̀.”

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó bí Kọ́lápọ̀, òun nìkan la sì bí. Gbádé ri ibi ọmọ mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa n'Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó gbin ọsàn lé e lórí. Àrùn èéyì mú ọmọ náà lọ kó tó pé ọdún mẹ́ta. Ọsàn yẹn la wá ń pè ní Kọ́lápọ̀. Bí Gbádé bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló ń kọ́kọ́ lọ kí.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1976, Gbádé ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò dìde mọ́. Mo wọ yàrá opó fún ogójì ọjọ́, n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìta. Mo bẹ Sìdíkàt, ayálégbé wa, kó máa bá mi bu omi sí ọsàn. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni Gbádé ń bu tirẹ̀, n kò sọ fún un. Sìdíkàt ń bu ú láàárọ̀, ó ń bu ú nírọ̀lẹ́.

Láàárín oṣù kan, mo yọjú lójú fèrèsé, gbogbo ewé ti pọ́n. Mo sọ fún Sìdíkàt pé òǹgbẹ ni.

“Ìyá Kọ́lá, ẹsẹ̀ ọsàn yìí ti di ẹrọ̀fọ̀ o. Ṣé kí n kọ́ ọ ní lúwẹ̀ẹ́ ni?”

“Bu sí i, Sìdíkàt. Má jẹ̀ẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ó fi garawa kẹta kún un.

Ọjọ́ tí mo bọ́ aṣọ opó, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ. Ewé mẹ́ta ló kù. Mo ti ìka bọ ilẹ̀, omi sun yí i ká. Mo wa ẹsẹ̀ rẹ̀, èèpo gbòǹgbò bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí èèpo iṣu tó jinná, ó ń rùn.

Sìdíkàt ń sunkún, ó ní òun ló pa á. Mo ní kì í ṣe òun. Ìka rẹ̀ wà lára rẹ̀, èmi ni n kò sọ fún un kó fi kan ilẹ̀ wò.

Wọ́n ní kí n gbin òmíràn. Ibi ọmọ ta ni n ó wá rì sábẹ́ rẹ̀?