Bí Aláṣọ Bá Dé Ńkọ́?

Ó ti rẹ obìnrin yìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sórí àpò kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìsàlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wo inú yàrá náà bí ẹni tó ń wo oko tí kò sẹ́ni tó máa bá a ro ó. Aṣọ ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Aṣọ nínú àpò, aṣọ nínú àpótí, aṣọ nínú páálí, aṣọ tí wọ́n fi hángà kọ́ sórí okùn tí okùn náà fi tẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gba aṣọ fọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, òun ń fọ̀ ọ́, ọkọ ń lọ̀ ọ́. Nígbà tí orúnkún Bàbá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò dúró nídìí áyọ́ọ̀nù mọ́, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ṣùgbọ́n aṣọ tí àwọn èèyàn gbé wá tí wọn ò padà wá gbé ńkọ́? Ẹnì kan kó kúrò nílùú, ó fi kóòtù mẹ́ta sílẹ̀. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan gbé gáùn funfun wá, ìgbéyàwó tú ká, gáùn ò rẹ́ni béèrè rẹ̀. Ẹlòmíràn kàn gbàgbé ni, bí èèyàn ṣe ń gbàgbé agbòjò. Alágbàfọ̀ mìíràn ì bá ti pín in, kó sì gbàgbé. Ti Ìyá Alágbàfọ̀ kọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ wálé, ó ní aṣọ tí wọ́n fi sí òun níkàáwọ́, ọwọ́ òun ni wọ́n á ti bá a. Bí ẹ bá ní kó kó o dànù, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi yín: bí aláṣọ bá dé ńkọ́?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Aláṣọ kan dé lóòótọ́. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn wọn, irun rẹ̀ ti funfun, ó ní bóyá wọ́n ṣì rántí kóòtù aláwọ̀ eérú kan. Ìyá Alágbàfọ̀ wọlé, kò pẹ́ kò jìnnà, ó gbé kóòtù náà jáde, bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì pé. Ọkùnrin yẹn fẹ́ sunkún. Ó dúpẹ́ títí ó fi dé ojú títì, ó tún ń bojú wẹ̀yìn kí i. Ọjọ́ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní kí obìnrin yìí sọ ẹyọ àkísà kan nù, ó ti di ọ̀tá rẹ̀.

Kí n má purọ́, ó mọ aṣọ tọ́jú. Kì í kó ṣòkòtò sọ́dọ̀ ṣòkòtò tàbí gáùn sọ́dọ̀ gáùn bí àwa yòókù. Àmì ló fi ń tò wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ló ti máa ń fi òwú gán àmì sínú ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan: ìlà pupa méjì fún ẹni báyìí, àgbélébùú búlúù fún ẹni ọ̀hún. Àwọn alámì pupa wà lápá fèrèsé, alámì búlúù dojú kọ wọ́n, alámì ewé wà nídìí ilẹ̀kùn. Aṣọ tó wúwo ń bẹ nísàlẹ̀, èyí tó tètè ń rún ń bẹ lókè, káńfọ̀ tó ń lé kòkòrò wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ó fi àkísà dì í. Bí oòrùn bá mú, á tú wọn síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, á sì tún kó wọn wọlé kí òjò tó rọ̀. Aṣọ tí kò bá ní àmì, inú àpò ńlá kan ló ń sọ ọ́ sí. Ó sọ àpò náà ní Aláìlẹ́nìkan. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Aláìlẹ́nìkan máa ń wà, àpò yòókù á gùn ún mọ́lẹ̀.

Ohun tó wá gbé e dìde lọ́sẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Tíṣà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Bàbá ń sùn, àtẹ̀gùn ilé náà sì ga bí ẹni ń gun àgbọn. Bàbá yọ̀ níbẹ̀, ó fi ìdí balẹ̀ gbì. Ọlọ́run yọ ọ́, egungun ò kán, ṣùgbọ́n Àǹtí Tíṣà gbọ́. Ó wá, ó wo yàrá ìsàlẹ̀ tí aṣọ dí pa, kò pariwo. Ó kàn sọ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé. Bí Bọ̀ọ̀dá òun bá ti wà ní yàrá ìsàlẹ̀, ó tán nìyẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, òun á gbé e lọ sílé òun, níbi tí kò ti sí àtẹ̀gùn. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń fún ọmọ kíláàsì ní iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ̀rù ba Ìyá Alágbàfọ̀. Ẹ̀rù tòótọ́. Ọkọ tí wọ́n ti jọ jẹ èéfín èédú àti oorùn sítáàṣì, kí wọ́n wá gbé e lọ ní ojú rẹ̀ torí àpò aṣọ? Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀, yàrá á ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ló dìde lórí àpò tó jókòó sí, tó kọ́kọ́ di ìdí mú, tó kérora, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Obìnrin télọ̀ tó wà lójúlé kejì ní òun á gbà nínú aṣọ náà, pé òun lè gé e rán fún àwọn ọmọdé. Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn pé rárá, wọ́n ní aláṣọ. Télọ̀ wò ó, ó bá a gbé àpò méjì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan ló kù. Ó kó alámì pupa sábẹ́ tábìlì ilé ìdáná. Ó kó alámì búlúù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn, ó fi àyè ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Apá ń ro ó, ẹ̀yìn ń ro ó, eruku wọ imú rẹ̀ ó ń sín láìdábọ̀. Bàbá ń ké sí i láti òkè pé kó sinmi, pé iṣẹ́ kì í tán, àwa là ń tán. Ó ní ó ku díẹ̀. Láyé obìnrin yìí, ìgbà gbogbo ló ku díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn kan gòkè lọ sí yàrá Bàbá, ó tò wọ́n yí ibùsùn ká. Ó rí àpótí kan lábẹ́ ibùsùn, àpótí gidi tó ní ìdérí. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí ibi to àwọn kóòtù sí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa wo ojú aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́: á yí ọrùn aṣọ síta, á wá àmì, á sọ ọ́ síbi tó yẹ.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, yàrá ìsàlẹ̀ ti ń dán. Ó ti gbá a, ó ti nù ún, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ṣí fèrèsé tí kò ṣí láti ìgbà tí wọ́n ti dé ilé náà. Ó dúró láàárín rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ló bá jáde láti lọ pe ọkọ rẹ̀ kó máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn, ó gbójú sókè.

Àpò ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àyè ẹsẹ̀ kan tó fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti rí nǹkan fi dí i. Òun alára, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rá kọjá, ọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ ò ṣe é tẹ̀ á wá ṣe é báwo? Ẹ ò rí nǹkan! Ó tún yàrá ṣe fún ọkọ, ó sì dí ọ̀nà tí ọkọ máa gbà débẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí tó ń wò sùn-ùn nígbà tí ọkọ̀ Àǹtí Tíṣà fun fèrè níta.

Àǹtí Tíṣà ò bínú, ìyẹn ló tún dun Ìyá Alágbàfọ̀ jù. Ó wo yàrá tó mọ́ tónítóní, ó wo àtẹ̀gùn, ó mí kanlẹ̀, ó ṣẹ́ ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Òun àti télọ̀ ojúlé kejì ni wọ́n gbé àpò bọ́ sí àgbàlá títí ọ̀nà fi là. Nígbà tó dókè, tó rí Bàbá lórí ibùsùn láàárín àpò, ó yíjú sí ìyàwó ilé náà.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “wọ́n ní ènìyàn laṣọ. Ìwọ yí i padà, aṣọ lènìyàn tìrẹ.”

Àǹtí Tíṣà ní kó bá òun kó aṣọ Bọ̀ọ̀dá òun jọ, kí àwọn máa lọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò àwọ̀sùn ló wà lára Bàbá. Ìyá Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó fa àpótí jáde, kóòtù àwọn aláṣọ ló bá níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó tú àpò kan, alámì pupa. Ó tú òmíràn, alámì ewé. Ẹni tó mọ ibi tí bọ́tìnnì àwọn ará ìta wà, kò mọ ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ wà. Àfi lójijì tó rántí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Aṣọ Bàbá ò ní àmì. Kò sì lè ní, nítorí ta ló ń gán àmì sí aṣọ ẹni tó wà nílé? Nígbà tó da àpótí yẹn sílẹ̀, tó yí ọrùn wọn síta tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, inú Aláìlẹ́nìkan ló sọ wọ́n sí. Aláìlẹ́nìkan sì wà nínú ilé ìdáná nísàlẹ̀, òkìtì àpò ló gùn ún. Ojú tì í débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó sọ ibi tí wọ́n wà fún wọn. Àǹtí Tíṣà ò dúró kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àpò gbígbé. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan yọ nínú àpò tó súnmọ́ ọn, ó fẹ́ gbé e wọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí Ìyá Alágbàfọ̀ tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti di ṣẹ́ẹ̀tì náà mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ìyẹn ní aláṣọ.”

Bàbá wò ó. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró nídìí áyọ́ọ̀nù, tó ń lọ aṣọ tí ẹlòmíràn máa wọ̀ ròde.

“Èmi ńkọ́?” ó ní. “Ta ló ni èmi?”

Ìyá Alágbàfọ̀ tú ọwọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá Bàbá de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì náà, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó tún ṣe fún un, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀. Àǹtí Tíṣà ní kí òun náà máa bọ̀, pé àyè wà fún àwọn méjèèjì nílé òun, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún àpò kan. Ìyá Alágbàfọ̀ ní òun ò lè fi ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ jáde, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ọkọ̀ gbéra, Bàbá ò wẹ̀yìn.

Ó wọlé, ó lọ yọ àpò tó wà lórí Aláìlẹ́nìkan kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tú u. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló rí, ọrùn wọn ti gbó, ṣòkòtò méjì, fìlà kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Gbogbo rẹ̀ rún wálawàla. Ẹni tó ń lọ aṣọ gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó lọ tirẹ̀ fún un láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó sunkún níbẹ̀, ó sunkún bó ṣe yẹ kó ti sun ún tipẹ́. Ó wá gbé áyọ́ọ̀nù jáde, ó lọ̀ wọ́n. Kò mọ̀ ọ́n lọ̀ tó Bàbá, ìlà ṣòkòtò wọ́, àmọ́ ó tún un lọ̀. Ó kó wọn sínú ọ̀rá kan, ó fi gáùn tirẹ̀ méjì lé e, ọ̀rá náà ò tiẹ̀ kún. Lẹ́yìn náà ló lọ kan ilẹ̀kùn télọ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún un. Ó ní kó kó gbogbo rẹ̀, kó gé èyí tó bá fẹ́ gé.

Bàbá wà níwájú ilé àbúrò rẹ̀ lórí àga, ó ṣì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti bo ìka rẹ̀ tán. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, tó ń rọra gbé ẹsẹ̀. Kò dìde, kò lè dìde.

“Ṣé aṣọ lo gbé wá fún mi ni,” ó bi í, “àbí o ti dé?”

Ó ní òun ti dé. Ó gbé ọ̀rá náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè fún un, nítorí pé ó gùn jù.