Ọ̀gá Mi, Fíìmù Wọn àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Fà

Ọ̀gá mi ní Àgídìngbì ò fẹ́ràn mi, èmi náà ò sì fẹ́ràn wọn. Obìnrin Èkìtì ni wọ́n, èmi jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, àwa méjèèjì la jọ wà nínú ọ́fíìsì kan ní ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Àwọn ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá láti bí ọdún mélòó kan, àmọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ṣì wà ní ẹ̀ka wa. Iṣẹ́ mi ni láti da àwòrán inú síídì àwọn oníbàárà sórí rẹ̀, kí n tún un ṣe, kí n tó fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ṣàdédé ni síídì tó ń tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í gba wákàtí kan. Tó bá ti ń dà á, gbogbo ẹ̀rọ náà á gan.

"Ṣé o ti sùn ni?" Ojú gbogbo èèyàn ni ọ̀gá mi ti bi mí.

"Kọ̀ǹpútà ló ń fà, mà."

"Èyí tí mo fà lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ara líle? Ìwọ lo bà á jẹ́."

Wọ́n pe ẹnjiníà kan wá láti òpópónà Allen. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní ẹ̀rọ náà ti gbó, kí wọ́n ra tuntun. Ọjọ́ kejì, mo bá lẹ́tà ìbáwí lórí tábìlì mi: kí n ṣàlàyé láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo gba sáíbà kafé lọ, mo tẹ ìbéèrè mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo kà ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà kó nǹkan jáde nínú síídì. Nínú èyí tó yá, tí wọ́n ń pè ní DMA, ẹ̀rọ síídì ń kó ẹrù rẹ̀ wọlé láìyọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Nínú PIO, ọpọlọ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kùnà léraléra láti ka síídì tó ti họ, á já sí PIO, kò sì ní padà fúnra rẹ̀.

Síídì tó ti họ! Ọ̀gá mi ló máa ń gba àga mi lọ́sàn-án láti wo síídì fíìmù tí wọ́n rà ní Dopemu, tí wọ́n ń jù sínú báàgì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé.

Mo padà, mo ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà to orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sí. PIO ni lóòótọ́. Mo yan DMA, kò gbà. Mo bá pa orúkọ ojú ọ̀nà tí ẹrù síídì ń gbà wọlé rẹ́ pátápátá, bí mo ṣe dà á kọ sínú ìwé ní kafé, mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án. Ó tún dá ọ̀nà náà mọ̀ lákọ̀tun, ó sì kọ DMA síwájú rẹ̀. Mo ki síídì oníbàárà kan bọ̀ ọ́. Kí n tó mu omi tán, ó ti parí.

Ọ̀gá mi wọlé, fíìmù lọ́wọ́. "Dìde níbẹ̀."

"Mi ò dìde, mà. Fíìmù yín ló fa gbogbo wàhálà yìí. Mo ti tún un ṣe, ẹ ò ní ki ìyẹn bọ̀ ọ́ mọ́."

Ìbínú sọ ẹnu wọn di ti Èkìtì, mi ò gbọ́ ìdajì. Mo gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn: "Ìwọ ọmọ àná yìí lo ń kọ́ mi?"

"Ẹ ò bá ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, mà."

Àfojúdi ni. Mo mọ̀, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú èsì lẹ́tà náà. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wa kà á, wọ́n fagi lé ìbáwí. Àmọ́ kí oṣù tó parí, ọ̀gá mi ti ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù, níbi tí mo ti ń lẹ páálí pọ̀ ní ìdúró láti àárọ̀. Oṣù méjì ni mo fara dà á kí n tó ríṣẹ́ sí ibòmíràn. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo kí gbogbo èèyàn, mo sì gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá mi kọjá láìyà. Wọ́n rí mi. Wọn ò pè mí, èmi náà ò sì bojú wẹ̀yìn.