Ìgbálẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì àti Èémí Mi

Mo tẹ̀ ba lábẹ́ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ń fi ìgbálẹ̀ wa eruku jáde, nígbà tí àyà mi dédé fún. Mo fẹ́ mí síta, èémí ò lọ. Nǹkan kan ń súfèé, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ló wọlé. Kò sẹ́nì kankan, inú àyà mi ni súfèé ti ń wá. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo lanu sílẹ̀ bí adìẹ tí oòrùn pa, títí ó fi rọlẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, ta ni mo ṣẹ̀?

Télọ̀ ni mí, ní Ìbàfò. Ara tètè máa ń fu mí. Bí ẹ bá fún mi ní ọsàn, màá kọ́kọ́ yẹ ìdí ẹ̀ wò ná. Ẹ má bá mi wí. Ní àdúgbò wa, ẹni tó ra ilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ẹ sanwó ilẹ̀ tán, àwọn ọmọ onílẹ̀ á dé fún owó ìpìlẹ̀. Ẹ gbé òrùlé, wọ́n á tún dé. Pásítọ̀ wa a máa wàásù pé ìgbàgbọ́ nínú Jésù ló ń sọ èèyàn di olódodo níwájú Ọlọ́run, pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Màá ṣe àmín, màá sì tún di ìgbálẹ̀ mi mú. Ọ̀fẹ́ tó tóbi báyẹn? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bó bá dọjọ́ ìdájọ́ tí wọ́n bi mí pé kí ni mo mú wá, mo fẹ́ rí nǹkan nàka sí. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé, tí mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ náà.

Ikọ́ gbígbẹ tẹ̀ lé súfèé yẹn. Ìdájí ló máa ń le jù, débi pé mò ń sùn ní ìjókòó. Ọkọ mi, Bàbá Dámilọ́lá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ń gbé omi gbígbóná wá. Mo rò pé ikọ́ ife ni. Mo fi pamọ́ fáwọn ará ìjọ, torí mo mọ bí èèyàn ṣe máa ń rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni.

Ní ọsibítù ìjọba, a jókòó kalẹ̀ láti àárọ̀. Mò ń ṣọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ó ń gba ẹ̀yìn mú ẹlòmíì wọlé. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kan tó ń fi hàn bí agbára èémí ẹni ṣe tó. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò ju Dámilọ́lá mi lọ, ní kì í ṣe ikọ́ ife, asíma ni. Ó ní àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ti alásíma a máa bínú sí eruku, sí èéfín, sí òtútù. Bí wọ́n bá bínú, wọ́n á wú, wọ́n á fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí àyè tó kù. Ó ní asíma lè mú àgbàlagbà tí kò ní in rí.

“Mà, kí lẹ máa ń ṣe tó ní eruku?”

“Mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa gbá a, mà.”

Ara tún fu mí. Ta ló rán an sí mi?

Ó fún mi ní ìnhélà méjì, ike kékeré tí à ń fi sẹ́nu fa oògùn. Ọ̀kan wà fún àràárọ̀ àti alaalẹ́, kí àwọn ihò náà má baà wú, a ó sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì wà fún ìgbà tí èémí bá há. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan yẹn ò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Mo kó méjèèjì sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo ní kí Ọlọ́run rí i pé mo nígbàgbọ́.

Ní Sátidé, mo bá ìgbálẹ̀ mi lọ́wọ́ Sísítà Fúnmi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Òkè-Àró. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Dádì Dámilọ́lá ti sọ fún Pásítọ̀ pé ara yín ò yá. Èmi á máa bá yín ṣe é.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bí mi nínú. Ẹni tó dé lánàá ti fẹ́ gba àyè mi lọ́dọ̀ Ọlọ́run! Mo já ìgbálẹ̀ gbà, mo fi gèlè dí imú, mo bẹ̀rẹ̀.

Mi ò gbá a dé ìdí pẹpẹ. Súfèé náà dé, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí súfèé bá dákẹ́ tí èémí ò sì wọlé, ewu ti dé nìyẹn, ẹ má dúró wò ó. Mi ò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù ikú bà mí. Fúnmi tí mò ń fura sí yìí ló gbé mi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé mi lé àyà rẹ̀, ó ń pariwo mọ́ ẹni tó ń wà á pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ sáré, ẹ jọ̀ọ́! Màmá ò lè mí!”

Ní ọsibítù, wọ́n fún mi ní ọ́síjìn, wọ́n fi ìbòmú kan bò mí, tí ẹ̀rọ ń sọ oògùn di kùrukùru sínú rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀. Mi ò lè gbàdúrà, mi ò lè kọrin, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, èémí ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Pásítọ̀ dé. Mo sọ fún un pé bí mo bá fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, tí mo tún wá ń fa ìnhélà bí aláìnígbàgbọ́, kí ni màá fi han Ọlọ́run?

“Ìyá Dámilọ́lá,” ó ní, “Ọlọ́run kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Jésù ti san án tán. Ẹnì kankan ò ní wá béèrè owó òrùlé lọ́wọ́ yín. Ṣé àìlo oògùn lẹ wá fẹ́ fi sanwó báyìí?”

Bàbá Dámilọ́lá tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. Ẹkún ló wá. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí.

Asíma ṣì wà lára mi, dókítà ò sì ṣèlérí pé yóò lọ. Ṣùgbọ́n mò ń fa oògùn mi láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo padà, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ara ò ṣàì fu mí, mo tẹ̀ ba, mo wo abẹ́ rẹ̀. Èèpo ẹ̀pà kan wà níbẹ̀ tí Fúnmi ò rí. Ọwọ́ mi ti ń nà lọ. Mo fà á padà, mo gbé e lé àyà mi. Èémí ń wọlé, ó ń jáde, kò súfèé, mi ò sì sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́. Èèpo ẹ̀pà yẹn wà níbẹ̀ títí ìsìn fi parí, tí a ṣe oore-ọ̀fẹ́.