Kọnferáǹsì Lórí Ojú Kọ̀ǹpútà Ìbítóyè

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ orúkọ ọkọ̀ òkun tó ń bọ̀ ní èbúté Lomé kí ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀, Ìbítóyè ni kó lọ bá. Yóò dìde lórí àga, yóò lọ sí ojú fèrèsé, yóò fọwọ́ ṣíji bo iwájú orí, yóò sì máa ka orúkọ náà síta ní léta kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì ò tíì rí ju èéfín lọ. Ọmọ Kétu ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn títẹ ìwé tí wọ́n ń mú lọ bá àwọn aṣọ́bodè kí kọ̀ǹténà oníbàárà tó lè jáde. Ojú rẹ̀ ló fi ń yangàn. Ó máa ń sọ pé òun ò ní í wọ awò láéláé, pé àwọn tó kàwé ju bó ṣe yẹ lọ ni awò wà fún.

Kọ̀ǹpútà ló wá da ọ̀rọ̀ náà rú. Ọdún 1990 ni Patron Dúrójayé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ra ẹyọ kan, tó gbé e ka ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ìbítóyè wà tẹ́lẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà yìí dúdú bí ìdí ìkòkò, léta inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà lára rẹ̀, nítorí Patron ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Bí àga ilé rẹ̀ ṣe wà nìyẹn, bí fìríìjì rẹ̀ ṣe wà nìyẹn. Ohun tó bá ti bọ́ ọ̀rá, tòkúnbọ̀ ni lójú Patron. Ọ̀rá náà ti pọ́n, eruku ti há sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló sì ti fi ìka kàn án.

Adéṣẹwà, ọmọge Abẹ́òkúta tó kọ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́, ló ń kó nọ́ńbà kọ̀ǹténà láti inú ìwé ọkọ̀ sínú ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án. Láàárọ̀, Ìbítóyè á kà wọ́n lójú ẹ̀rọ, á sì tẹ ìwé aṣọ́bodè níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ò nílò ojú láti tẹ bọ́tìnì. Kíkà ni wàhálà.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù keje ọdún 1991, mẹ́jọ ló wà nínú nọ́ńbà kọ̀ǹténà kan, mẹ́ta ni Ìbítóyè tẹ̀. Tòmátò alágolo ni oníbàárà ń retí. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ̀ǹténà tí ìwé Ìbítóyè dárúkọ, ère oníke tí àwọn aláṣọ fi ń pàtẹ ọjà ló kún inú rẹ̀, bí ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo wọn wà ní ìhòòhò, kò sì sí èyí tó ní orí nínú wọn. Aṣọ́bodè tó ṣílẹ̀kùn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ó dé àdúgbò Akodessewa kó tó wẹ̀yìn.

Patron pe Ìbítóyè.

“Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kọ̀ǹténà méjìdínlógójì ló jẹ́ tiwa nínú ẹ̀. Mò ń lọ sí Kùtọnu, ó di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ẹ̀ kí n tó dé. Tí nọ́ńbà kan bá tún yẹ̀ pẹ́rẹ́n, magasin lo ti máa lọ máa ka páálí.”

“Patron, ẹ̀rọ yìí ló ṣókùnkùn.”

“Ẹ̀rọ tuntun ni. Ṣé o ò rí ọ̀rá lára ẹ̀ ni?”

Magasin ni ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀yìn ọgbà. Páànù ni òrùlé rẹ̀, páànù ni ògiri rẹ̀, kò ní fèrèsé kankan. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀, ó ti rí ọkọ̀ òkun mọ. Ìbítóyè ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Àtúnṣe tó mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Lábẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì méjì wà tí wọ́n ń yí: wọ́n ya oòrùn sára ọ̀kan, wọ́n ya òṣùpá ààbọ̀ sára èkejì. Ìbítóyè bẹ̀rẹ̀ sí í yí oòrùn dópin láràárọ̀, títí léta á fi máa tàn bí iná mọ́tò. Bí Adéṣẹwà bá jókòó lọ́sàn-án, orí á fọ́ ọ, á sì yí i padà.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí din ẹja ni?”

“Èmi ń ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Ìwọ tó o fẹ́ sùn, máa pa iná.”

“Ẹ rọra o, kí ilé má baà jó kí ọkọ̀ yín tó dé.”

Innocent ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìlú. Ọmọ Ewe ni, òun ló ń gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, ó sì gbọ́ Yorùbá nítorí pé àárín àwọn Nàgó ló dàgbà sí. Rédíò kì í kúrò létí rẹ̀ lásìkò yẹn, torí àpérò ńlá tí wọ́n ń pè ní kọnferáǹsì, tí wọ́n fi ń tún ìjọba orílẹ̀-èdè ṣe, ń lọ lójoojúmọ́. Kò sì sí ohun tí àwọn ará Lomé ò fi ṣe kọnferáǹsì lóṣù náà. Àwọn tó jọ ń pọn omi ẹ̀rọ kan ṣe tiwọn. Tọkọtaya kan ládùúgbò Innocent ṣe tiwọn, ó gba ọjọ́ mẹ́rin.

“Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ẹni méjì,” Innocent wí. “Kọnferáǹsì ló gbà, èyí tó ní àṣẹ lọ́wọ́ ara ẹ̀, tí Patron pàápàá ò ní lè yí ìpinnu ẹ̀ padà.”

Wọ́n fi Wúlẹ̀mọ̀tù ṣe président, alága ìjókòó. Òun ló ń ta àyìmólù, ìrẹsì àti ẹ̀wà àsèpọ̀, lẹ́nu géètì, gbogbo wọn sì gbà pé kò lè ṣègbè: kò ní kọ̀ǹpútà, kò fẹ́ kọ̀ǹpútà, kò sì tíì gbà pé ó wúlò. Ó mú ṣíbí ìbùrẹsì rẹ̀ wọlé, ó fi lu tábìlì, ìjókòó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ibi tí kálukú máa jókòó sí ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ jà lé lórí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Innocent dá a lábàá pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan títí ìpinnu á fi wáyé, àbá náà sì wọlé. Ìbítóyè fúnra rẹ̀ dìbò fún un, ojú ń tì í láti kọ̀. Iṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ ń bọ̀.

Lọ́jọ́rú ni président béèrè ọ̀rọ̀.

“Kí ni wọ́n fi bo ojú nǹkan yìí?”

“Ọ̀rá ni, Ìyá Président,” Adéṣẹwà dáhùn.

“Ẹ wá ń jà sí iná láti ijọ́ Ajé? Ẹ dé ìkòkò lọ́mọrí, ẹ wá ń bínú pé ẹ ò rí ẹ̀wà?”

Wọ́n dìbò. Gbogbo wọn nawọ́. Innocent ka ìpinnu náà ní Faransé, Adéṣẹwà kà á ní Yorùbá, wọ́n wá di igun ọ̀rá náà mú, wọ́n sì bó o. Ó dún fàààà. Wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni pé ìjọba ló ṣubú. Adéṣẹwà fi aṣọ gbígbẹ nu eruku kúrò, ó yí oòrùn sísàlẹ̀ díẹ̀, ó yí òṣùpá sókè, títí dúdú fi dúdú dáadáa tí léta sì hàn ketekete.

“Ẹni tí ìyà jẹ ni kó kọ́kọ́ kà,” Wúlẹ̀mọ̀tù pàṣẹ.

Ìbítóyè jókòó. Ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

“Mẹ́ta, òdo, mẹ́ta…”

Adéṣẹwà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. “Bàbá, mẹ́jọ ni.”

“Èwo ni mẹ́jọ?”

“Méjèèjì.”

Ọ̀rá ti kúrò, eruku ti kúrò, kò sí ohun tí ọkùnrin náà tún lè dì lẹ́bi. Ó rọra dìde, ó mú fìlà rẹ̀.

“Ojú mi ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ bá mi sọ fún Patron pé mo ti lọ magasin fúnra mi.”

Adéṣẹwà, tó ti fi iná ẹ̀rọ bú u láti ọjọ́ yìí, bọ́ sórí àga tí Bàbá fi sílẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, léta gbogbo sì fẹ̀ sí ìlọ́po méjì, wọ́n sanra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

“Bàbá, ẹ dúró ná. Ẹ wo èyí.”

Ìbítóyè ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà.

“Mẹ́jọ, òdo, mẹ́jọ, ọ̀kan, mẹ́rin.”

“Ó pé,” Adéṣẹwà wí.

Ìbítóyè sún mọ́ ẹ̀rọ náà ní ìṣísẹ̀ méjì, mẹ́jọ di mẹ́ta. Ó padà sẹ́yìn, mẹ́ta di mẹ́jọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí rédíò ti ń dún dáadáa.

“Ojú ọkọ̀ òkun ni tiyín, Bàbá,” Wúlẹ̀mọ̀tù wí. “Ohun tó bá jìnnà sí i ló mọ̀.”

Innocent ti nawọ́. “Mo dábàá pé kí ẹ̀rọ náà jìnnà sí Bàbá.”

Wọ́n dìbò. Wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà ka orí kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì níkangun yàrá, wọ́n gbé àga Ìbítóyè sẹ́nu ọ̀nà, pátákó bọ́tìnì wà lórí itan rẹ̀. Okùn rẹ̀ tó lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n kó, wọ́n fà á títí ó fi nà tàntàn bí okùn ìsáṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Patron dé lọ́jọ́bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kọjá, ó nàró.

“Ọ̀rá mi dà?”

“Kọnferáǹsì ló ṣí i, Patron,” Innocent wí. “Ìpinnu náà ò ṣeé yí padà.”

Patron wo Innocent, ó wo rédíò etí rẹ̀. Àwọn tó ju òun lọ náà ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lóṣù náà. Ó mú ìwé ọkọ̀, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀, ó tún nà án sí i, ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó gbé e fún Adéṣẹwà.

“Bá mi kà á, ibí yìí ṣókùnkùn. Ìbítóyè, ó yá, sọ ohun tó wà lójú ẹ̀rọ.”

Ìbítóyè ka kọ̀ǹténà mẹ́wàá láti ẹnu ọ̀nà. Adéṣẹwà ń fọwọ́ tẹ̀ lé e lórí ìwé, kò rí ẹyọ kan bá a wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí pé léta ti sanra, ìlà kan di méjì, iṣẹ́ òwúrọ̀ sì wọ ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ kọ̀ǹténà méjìdínlógójì ló jáde. Wọ́n ṣí èyí tó ṣáájú, tòmátò ni. Ìbítóyè gbé pátákó bọ́tìnì sílẹ̀, ó fẹ́ fa àga rẹ̀ padà sídìí tábìlì kí ọ̀nà lè là.

“Níbo lò ń lọ?” Patron béèrè.

“Mo ní kí n má dí yín lọ́nà, Patron.”

“Jókòó síbẹ̀. A ó máa bẹ̀rẹ̀ kọjá.”